Sí Àjíkẹ́, Lórí Ọ̀rọ̀ Ọjà Ẹ̀bá Títì

Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀,
Ọ̀nà Ìjàyè.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Rùkáyátù, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú àìsùn, nítorí ìyá rẹ ní ojú rẹ ti wọnú. Wọ́n ní Ọnọ́rébù ni kí gbogbo ayé máa pè ọ́ báyìí tí o ti di alága káńsù. Dẹ́rẹ́bà rẹ tilẹ̀ bá mi wí lọ́jọ́ tí o wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ máa fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n o." Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fọ ìdí rẹ nígbà tí ìyá rẹ bá lọ sóko, mi ò lè jókòó sídìí lẹ́tà kí n máa pè ọ́ ní ẹ̀yin. Bí o bá dé ọ́fíìsì, kí wọ́n máa kí ọ bí ẹni ń kí ọba. Nílé yìí, Àjíkẹ́ ni ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ṣe é sọ lórí fóònù. Lórí fóònù, wàá ní, "Ẹ jẹ́ n pè yín padà, Bàbá," o ò sì ní pè. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Jókòó kà á, má sì fún akọ̀wé rẹ kà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí o wá, o rò pé mo ti sùn lọ lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò sùn. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ fún ìyá rẹ nídìí ààrò. O ní àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní káńsù ní kí o fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n kó katapílà àti ọlọ́pàá wá sí ọjà ẹ̀bá títì wa kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n wó gbogbo àtíbàbà, kí ọ̀rọ̀ ti parí kí ẹnikẹ́ni tó jí. O ní o ò tíì fọwọ́ sí i. O ní nínú ọjà yẹn kan náà lo ti fi Ọlọ́run búra nígbà tí ò ń tọrọ ìbò, pé níwọ̀n ìgbà tí o bá wà láyé, kò sẹ́ni tó máa lé oníṣu kan kúrò níbẹ̀. O ní àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ jọ ń rìn tẹ́lẹ̀ ti ń pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀. O wá bú sẹ́kún. O ò jẹ ẹ̀kọ rẹ tán tí o fi wọ mọ́tò, tí o lọ.

Ọkàn mi gbọgbẹ́, Àjíkẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo dìde, kí n gbá ọ mọ́ra bí ìgbà tí o wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá dìde, ẹkún nìkan la máa jọ sun.

Jẹ́ n sọ ọ́ ní kúkúrú kí n tó sọ ọ́ ní gígùn. Ọjà yẹn gbọ́dọ̀ kúrò lórí títì. Ìwọ lo sì máa gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú katapílà, kì í sì í ṣe nígbà tí àwọn tó ni ọjà ṣì ń sùn.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Ìyá Súlè. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe aládùúgbò lásán. Òun ló máa ń pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ bá lọ ru iṣu wá, òun náà ló kọ́ ọ ní gèlè wíwé. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ tí búrèkì ọkọ̀ akẹ́rù yẹn já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ náà kò rí ibi yà sí, ọ̀tún iṣu, òsì iṣu. Ó gun òkìtì, ó sì gba orí ẹsẹ̀ ìyá oníyàá kọjá. Ariwo tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Bí àwa kan ṣe ń gbé e, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ń ṣa iṣu tó fọ́n ká. Ọmọ aráyé!

Mo tún lọ wò ó ní ilé ìwòsàn lánàá. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún láti orúnkún. Mo ní, "Ẹ kú ìnira o, Ìyá Súlè." Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Rùkáyá. Alága wa ńkọ́?" Mo ní ò ń ronú lórí ọ̀rọ̀ ọjà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un kó má ronú pẹ́ jù. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún mi." Ojú tì mí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òṣèlú ni ọ̀rọ̀ yìí, sọ fún un pé ẹsẹ̀ èèyàn ni. Bí ẹlòmíràn bá sì ní kí o fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ìbò bá tún kọjá, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ ìyá tirẹ̀ lè dúró di ìgbà náà.

Èkejì. Má rò pé agídí ló gbé àwọn obìnrin yẹn dé orí títì. Àwa la lé wọn débẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Jẹ́ n tú àkísà kan hàn ọ́.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àárín abà lọjà wà, nídìí igi ọ̀dán ńlá kan. Ẹ̀yin ò bá a. Àwa ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, èmi ni akọ̀wé torí pé mo kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ módà. A kọ̀wé sí ìjọba títí tí wọ́n fi kọ́ ìsọ̀ fún wa, ìsọ̀ oníbíríkì tó ní páànù lórí. Etídò ni wọ́n kọ́ ọ sí, torí pé ibẹ̀ nilẹ̀ ti wà lọ́fẹ̀ẹ́. Inú wa dùn! Mo gun orí tábìlì, mo sọ̀rọ̀, ìdajì Yorùbá, ìdajì gẹ̀ẹ́sì tí kò délé tí kò dóko. A ní kí àwọn ìyá wa máa kó lọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, etídò jìnnà sí ojú ọ̀nà oko. Ẹrù wúwo." A ní ayé ti là. Kí ẹnikẹ́ni má baà padà, a gé igi ọ̀dán náà lulẹ̀.

Wọn ò bá wa jà. Wọn ò tilẹ̀ bú wa. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n ru ẹrù wọn, wọ́n fi ìsọ̀ tuntun sílẹ̀, ó di ẹ̀bá títì. Kò sí ibòji níbẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò ń dúró. Títí di òní olónìí, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ìsọ̀ tí mo torí ẹ̀ gun tábìlì. Àfẹ́sọ́nà mi ni ìyá rẹ nígbà náà, ó wà lára àwọn tó rìn kọjá ìsọ̀ náà. Bí oòrùn bá pa á dáadáa, ó ṣì máa ń fi bú mi.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọjà kì í gbọ́ àṣẹ. Ẹsẹ̀ èrò ló ń tẹ̀ lé. Kí o tó na ìka sí ibikíbi pé ibẹ̀ lọjà ń lọ, bi àwọn tí wọ́n máa ru ẹrù débẹ̀ léèrè.

Mo sì fẹ́ kí o mọ bí iṣu ṣe gun ọ̀dà títì, torí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì rẹ rò pé wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n gbé e síbẹ̀. Inú koríko ni wọ́n wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n o mọ àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ láti ìgboro. Ibi tí ojú wọn bá kọ́kọ́ bà ni wọ́n ń tẹ búrèkì. Ni ìyá rẹ bá sún òkìtì tirẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìyá Súlè ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ó sún tirẹ̀ kọjá ti ìyá rẹ. Ẹni kẹta sún. Ẹni kẹrin sún. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín àti èébú sún un lọ́dọọdún nìyẹn, títí tí iṣu fi bọ́ sójú títì. Wàyí o, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè dá sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá dá sún sẹ́yìn lónìí, kò ní tà lónìí. Gbogbo wọn mọ̀ pé ibẹ̀ léwu, gbogbo wọn sì ń dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ dìde. Ohun tí a fi ń wá alága nìyẹn, Àjíkẹ́. Ẹni tó máa jẹ́ kí gbogbo wọn dìde pa pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ó má sí ẹni tó máa pàdánù ju ẹnìkejì lọ.

Ó wá ku ìbúra rẹ. Wọ́n ní ẹnu tí a fi pe adégún, a kì í fi pe adéògún. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn jù, torí bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Mo lọ bá Lèmọ́mù wa. Mo ní, "Alùfáà, ọmọ mi búra, ìbúra náà sì ti fẹ́ di ẹ̀jẹ̀ èèyàn sí i lọ́rùn." Wọ́n ní ẹni tó bá búra, tó wá rí i pé ohun mìíràn ló dára jù, kó ṣe èyí tó dára náà, kó sì yọ kàfárà, ìtánràn ìbúra rẹ̀. Kí o bọ́ tálákà mẹ́wàá ní àbọ́yó. Láti inú owó oṣù rẹ o! Kì í ṣe owó káńsù, kì í sì í ṣe owó agbaṣẹ́ṣe kankan tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ.

Ìyẹn jẹ́ ti Ọlọ́run. Ti èèyàn náà wà. Bí o bá dé iwájú àwọn ìyá yẹn, má sọ fún wọn pé ìjọba ló sọ, má sọ pé òfin ló sọ. Sọ pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni mo búra fún yín, mo sì ti rí i pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ." Wọ́n máa bú ọ. Wọ́n máa bú èmi náà mọ́ ọ. Dúró síbẹ̀, má dá wọn lóhùn, má sì wo fóònù. Èébú obìnrin ọjà dà bí òjò àkọ́rọ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀, kì í pẹ́ dá.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ṣé o rántí ìgbà tí o gba yàrá kan ní Ajíbodé, tí o ń lọ sí yunifásítì, tí baba onílé ti kànga pa mọ́ ẹ̀yin ayálégbé? O kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọlọ́kadà jọ, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ ń kọrin láti àárọ̀ títí ó fi ṣí i. Ọlọ́pàá mú ọ. Mo gbé gàrí àti ẹ̀pà wá fún ọ ní tẹ́ṣàn. O rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹ̀yìn káńtà, o ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, òtítọ́ ni mo pariwo." Mo ṣe bí ẹni pé inú ń bí mi. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tí mi ò sọ ọ́ fún nígbà tí mo délé. Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n rántí pé ìwọ kọ́ lo ni kànga nígbà náà. Ariwo ni tìrẹ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ti wá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, àwọn ọmọ yẹn sì jókòó síbi tí o jókòó sí. O ò gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n mú ìkankan nínú wọn. Mo wí ìyẹn pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi. Bí mo bá gbọ́ pé o ti ọ̀dọ́ kan mọ́lé torí pé ó bú ọ, èmi náà máa gbé gàrí lọ fún un ní tẹ́ṣàn, gbogbo Ìbàdàn á sì rí bàbá alága níbẹ̀. Pe olórí wọn. Fi ibi tí ọjà ń lọ hàn án. Kí o wá sọ fún un pé iṣu wà ní rírù, ó sì ń wá ọ̀dọ́ tó lágbára. Ẹni tó bá bá ọ ru ẹrù kò ní ráyè bú ọ lọ títí.

Mo fẹ́ gbàgbé èyí: àbúrò mi Mùdà ti ń múra àtibá ọ wáṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ tí kò tíì jí kí aago mẹ́wàá tó lù rí. Sọ fún un pé èmi ni kó wá bá. Gbogbo ẹbí tó bá ti dé ọ́fíìsì rẹ pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀bẹ̀, èmi ni kí o rán wọn sí. Mo ní oko tí wọ́n lè ro.

Ibo wá ni ọjà ń lọ? Oko ẹ̀gẹ́ wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé ni. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kan títì, mọ́tò lè yà wọ inú rẹ̀ kó dúró, ojú ọ̀nà oko sì dé ibẹ̀ kó tó dé títì. Mo ti bi ìyá rẹ, mo bi Ìyá Súlè lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà, mo bi àwọn tó ń ru ẹrù bọ̀ láti òdìkejì odò. Wọ́n ní ibẹ̀ dára, bí a bá lè gbin igi sí i. Ṣùgbọ́n àwa ará abà, oko la wà, Ìbàdàn nilé wa wà, ilẹ̀ ẹbí kì í sì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá fúnni. Mo wọ mọ́tò lọ bá mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, nílé. Ó bojú wò mí, ó ní, "Làmídì, ṣé ọmọ rẹ tó di alága ló rán ọ wá gba ilẹ̀ wa?" Mo ní, "Mọ́gàjí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wá. Ìpín tí èmi ń ro ni mo fẹ́ yọ ọwọ́ mi kúrò nínú rẹ̀." Wọ́n pe àwọn àgbà ilé jọ, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun gbẹ, wọ́n gbà.

Mo ti ń fa ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ tu. Kò tíì gbó tán, ó sì dùn mí. Gbọ́ o: o ò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ fún wa lórí ilẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí káńsù bá san owó ilẹ̀ fún bàbá alága, ọjọ́ náà lọ̀rọ̀ rẹ tán lẹ́nu aráyé. Má sì jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sára ògiri kankan níbẹ̀. Igi ni kí o gbìn.

Ìyá rẹ ló wá ṣòro. Òkìtì tirẹ̀ ló ṣáájú pátápátá, gbogbo obìnrin ọjà ló sì ń sọ ọ́ pé, "Níwọ̀n ìgbà tí Ìyá Alága bá jókòó síbẹ̀, ta ló fẹ́ lé wa?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ kúrò kí o tó dé. Háà! Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò mọ̀ ju kẹ́ ẹ lé èèyàn lọ." Láti ìjọ́ náà ló ti ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ bí ẹni ń gbé e fún àlejò tí wọn ò pè.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí lọ́wọ́, ó jókòó sí tòsí, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó ní kí ni mò ń kọ. Mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Ìyá Súlè ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún òun, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ bá mi fi tèmi sí i. Ẹ ní kó má rán ẹnikẹ́ni sí mi. Bó bá rán ọlọ́pàá, màá jókòó sórí iṣu mi, kí katapílà wá gba orí mi kọjá. Bó bá wá fúnra rẹ̀, màá dìde."

Ìyá rẹ nìyẹn. O mọ̀ ọ́n. Kì í yẹhùn.

Àtàláátà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọjà. Wá nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, tí gbogbo wọn ti pàtẹ. Fi mọ́tò sílẹ̀ ní ilé ìwé, kí o fẹsẹ̀ rìn wọ inú ọjà. Má mú ọlọ́pàá wá, má mú ayàwòrán wá. Kúnlẹ̀ kí wọn, kí o sọ ohun tí o ní í sọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. Kí o wá lọ sídìí òkìtì ìyá rẹ, kí o gbé ẹrù àkọ́kọ́ rù, kí o máa rù ú lọ sí ibi tuntun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ìyá alága bá ti dìde, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ á ní láti sọ ìdí tó fi jókòó.

Ẹ̀rù á bà ọ́. Kó bà ọ́, kí o sì wá bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run tó gbé ọ débẹ̀ má ṣe dá ọ dá a.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làmídì.

Mo ti sọ pé mo parí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un. Ó ti ń ká òṣùká tí o máa fi rù ú. Ó ní orí rẹ ti gbàgbé ẹrù, nítorí náà èyí tó nípọn lòun ń ká.